Àwòrán méjì kò rí i: ìṣẹ̀lẹ̀ jẹjẹrẹ ọyàn kan láti Ìjùmú

Obìnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi. Ọmọ ọdún 44 ni nígbà tí a rí jẹjẹrẹ nínú ọyàn òsì rẹ̀. Ó bímọ mẹ́ta, ó sì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́yàn dáadáa. Nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì ń wá déédéé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, ti bá jẹjẹrẹ ọyàn lọ ní ọmọ ọdún 47. Kí wọ́n tó gbé ìyẹn dé ilé ìwòsàn, ọyàn ti ṣí, ó ti di egbò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n ṣáà yọ orúkọ òun àti ti ìlú òun kúrò. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Tíṣà náà ni màá máa pè é níbí.

Èmi ń ya skáànì ní Kàbà. Ohun tó mú mi jókòó ti ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni pé Tíṣà kì í ṣe aláìbìkítà. Gbogbo ohun tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe. Síbẹ̀, àwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wo ọyàn yẹn, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ẹ̀kẹta ló rí i, nígbà tí kò tíì ju mìlímítà 11 lọ. Mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ohun tó ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, torí mo gbà tọkàntọkàn pé ibẹ̀ ló yẹ kí owó àti làálàá wa máa lọ bí a bá fẹ́ tètè máa rí àrùn yìí lára àwọn obìnrin ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi.

Mámógíráàmù oṣù kẹwàá

Oṣù kẹwàá ni ìlanilọ́yẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn máa ń pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Tíṣà háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ sí ìlú ńlá kan lẹ́yìn odi Kogi níbi tí wọ́n ti ń ya mámógíráàmù ní owó pọ́ọ́kú lóṣù náà. Fún ẹni tí kò tíì yà á rí, ẹ̀ksíréè ọyàn ni. Obìnrin á dúró, wọn á gbé ọyàn lé pèpéle kékeré kan, òmíràn á tẹ̀ ẹ́ láti òkè títí á fi rí pẹlẹbẹ, wọn á yà á. Wọn á tún yà á ní ìdagẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó lè mú ìdí abíyá. Títẹ̀ yẹn ń dunni, àwọn obìnrin mìíràn ń torí ẹ̀ sá. Ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ọyàn dúró sójú kan, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má gun ara wọn lé, kí ìtànṣán tí a nílò sì kéré. Ìtànṣán mámógíráàmù ọyàn méjèèjì kò ju èyí tí ilẹ̀ àti òfuurufú fúnra wọn ń tàn sí wa lára láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé mámógíráàmù ló ń fa jẹjẹrẹ ń dẹ́rù bani lásán.

Ìwé olójú kan ni wọ́n fún un. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé kò sí àmì jẹjẹrẹ, kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Tíṣà ka ìlà yẹn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi ìwé náà sínú fáìlì tí àwọn ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ìlà mìíràn wà lókè rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò là yé e. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé ọyàn rẹ̀ wà ní ìpele D, pé ó ki gan-an, pé èyí sì lè bo nǹkan mọ́ mámógíráàmù lójú.

Ọyàn kò rí bákan náà nínú. Ọ̀rá wà níbẹ̀, ẹran tó ń ṣe omi ọyàn àti iṣan tó gbé e dúró náà wà níbẹ̀. Lójú ẹ̀ksíréè, ọ̀rá máa ń dúdú, ẹran àti iṣan máa ń funfun. Àwọn dókítà àwòrán pín in sí ìpele mẹ́rin, láti A dé D. A ni ọyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rá pátápátá, D ni èyí tó ki jù lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ náà funfun. Nínú ọyàn ìpele A, á yọ kedere. Nínú ọyàn ìpele D, ẹni tó ń wá a dà bí ẹni tó ń wá lékeléke nínú oko òwú tó ti là. Kíki ọyàn kì í ṣe àìsàn, a kò sì lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ọyàn tó rọ̀ lọ́wọ́ lè ki nínú àwòrán. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn kò tíì dúró. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ló wà ní ìpele C tàbí D. Yàtọ̀ sí pé ó ń bo nǹkan lójú, ó tún ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìlera ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ya mámógíráàmù gbọ́dọ̀ sọ fún obìnrin, ní èdè tó máa yé e, bóyá ọyàn rẹ̀ ki tàbí kò ki. Ìwé tí wọ́n kó fún Tíṣà kò bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Dókítà tó máa kà á ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sì sí dókítà kankan láàárín.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí ẹni tó ka àwòrán yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ìlọrin, dókítà àwòrán ibẹ̀ gbé fíìmù oṣù kẹwàá sójú iná, ó ti mọ ibi tí jẹjẹrẹ wà gan-an, ó wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Funfun lórí funfun ni. Ojú ẹni àkọ́kọ́ kò fọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ẹni tó sọ fún obìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú àrùn yìí pé, “Ẹ̀rọ wa kò ríran dáadáa nínú ọyàn yín o, ẹ lọ fi skáànì kún un.”

Orí ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún

Ní nǹkan bí oṣù kẹta, nígbà tí kaṣú ń wọlé ní Ìjùmú tí gbogbo ilé ń ṣa á, Tíṣà ń wẹ̀ lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ bá ibì kan lókè ọyàn òsì, lápá abíyá. Kò rí bíi kókó. Ó ní ńṣe ni ibẹ̀ nípọn ju ibi tó kù lọ, àti pé nígbà tí òun gbé ọwọ́ sókè níwájú dígí, awọ ibẹ̀ fà wọlé díẹ̀. Ọ̀rọ̀ awọ tó ń fà wọlé yìí, mo bẹ gbogbo obìnrin tó ń ka èyí, ẹ má ṣe gbójú fò ó. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan bá gbá iṣan inú ọyàn mú tó ń fà á.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì yọ ìwé oṣù kẹwàá jáde, wọ́n tún ka ìlà ìkẹyìn. Èsì rere kan tí kò pé ọdún ló dá wọn dúró títí ilé-ìwé fi gba ìsinmi Àjíǹde. Àárín oṣù kẹrin ló lọ yà skáànì ní ibi tó sún mọ́ ilé. Wọn kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀rá ni.

Skáànì kì í lo ìtànṣán. Ìró ni, ìró tó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Orí ẹ̀rọ tí a ń gbé lé ara ló ń rán an wọlé, òun náà ló ń gbọ́ ọ nígbà tó bá padà, kọ̀ǹpútà á sì fi ohun tó gbọ́ ya àwòrán. Bí ìró bá ṣe ga tó ni àwòrán ṣe ń mú tó, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ga tó náà ni kì í ṣe lè rìn jìnnà nínú ara. Orí tó rí roboto, èyí tí a fi ń wo oyún, ń lo nǹkan bíi mẹ́gáháàtì 2 sí 5 (òun ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó). Ó ń lọ jìnnà, ó ń rí ọmọ nínú ilé ọmọ. Ọyàn kò jìn bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí awọ, ó sì lè kéré ju èékánná ìka lọ. Orí tó rí gbọọrọ, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tó ń lo mẹ́gáháàtì 7 sí 15, ni a fi ń wo ọyàn. Orí oyún ni wọ́n gbé lé ọyàn Tíṣà.

Èyí ni mo rí bí ọ̀ràn tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Skáànì ti wà ní Kàbà, ó wà ní Ìsánlú, ó wà ní Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó bá kà wọ́n lóòka á sọ pé ẹ̀rọ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Torí oyún ni wọ́n ṣe ra púpọ̀ nínú wọn, orí kan ṣoṣo ló sì bá ọ̀pọ̀ wọn wá. Mi ò bá ẹni tó ya ti Tíṣà jà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ pé, “Ẹ̀rọ tí mo ní kò lè wo èyí,” dípò “Ọ̀rá ni.” Gbólóhùn méjèèjì yìí jìnnà síra wọn, ẹ̀mí ènìyàn ló wà láàárín.

Kàbà

Olùkọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó wá wo oyún lọ́dọ̀ wa, ló mú un wá ní àárín oṣù karùn-ún. Iná ti lọ, ínfátà la fi ń ṣiṣẹ́. “Òkun o, Àǹtí,” ni Tíṣà fi wọlé, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà pé òun wá fi àsìkò mi ṣòfò. Ó gbé ìwé méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Mo ka ti mámógíráàmù láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí D yẹn, mo béèrè nípa ìdílé rẹ̀, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo ní kí ó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dà á láàmú. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí nígbà gbogbo. Ìka obìnrin mọ ara rẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn èjìká òsì rẹ̀, mo ní kí ó gbé ọwọ́ òsì sí abẹ́ orí. Bí a bá ṣe é báyìí, ọyàn á tẹ́ sórí igbá àyà, kò ní kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo da jẹ́ẹ̀lì lé e, mo gbé orí gbọọrọ sí mẹ́gáháàtì 12. Mi ò lọ tààrà síbi tó tọ́ka. Ọyàn ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ wò tán, kí n lè mọ bí ti ara rẹ̀ ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn náà ni mo yí ọyàn òsì ká bí ojú aago, láti orí ọmú lọ sí etí.

Ní aago méjì, sẹ̀ǹtímítà 5 sí orí ọmú, ó yọ. Dúdú ni, etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Gíga rẹ̀ ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ: mìlímítà 11 sí ìsàlẹ̀, mìlímítà 9 sí ẹ̀gbẹ́. Òjìji dúdú kan ṣú sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ti ń fi orí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹran tó yí i ká ń tẹ̀, òun kò tẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ní ìtumọ̀. Àpò omi lásán máa ń dúdú dáadáa, etí rẹ̀ á tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, torí ìró ń gba inú omi kọjá wẹ́rẹ́. Kókó tí kì í pani, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, máa ń rí bí ẹyin tó dùbúlẹ̀, etí rẹ̀ á jọ̀lọ̀. Ó ń dàgbà ní ìbú, ó ń tẹ̀ lé bí ẹran ọyàn ṣe tò. Ohun tó bá dìde dúró tó ń gé ìlà kọjá, tí etí rẹ̀ ń ki ẹ̀ka bọ inú ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn kì í ṣe èrò rere. Mo wo abíyá. Àwọn kókó ibẹ̀ rí bó ṣe yẹ kí wọ́n rí, bí ẹ̀wà, ọ̀rá sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mí kanlẹ̀ díẹ̀.

Kò dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ó wà níbẹ̀, àbí?”

“Nǹkan wà níbẹ̀, Tíṣà. Mi ò lè fi àwòrán nìkan sọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ wò.”

“Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi tó fi ràn ká gbogbo ara.”

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Òkun, mi ò sì bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́, torí ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n gún aláìsàn, kò pẹ́, ó kú. Mo béèrè bí ọyàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tóbi tó lọ́jọ́ tí wọ́n gún un. Ó ní ó ti ju ìkúùkù lọ, ó ti ń rùn. Mo ní, “Ó ti ràn kí abẹ́rẹ́ tó dé ibẹ̀. Tiyín kò tíì tó èékánná mi.” Mo yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo fi hàn án, mo fi ìka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun, kí ọkọ òun rí i.

Nínú ìwé èsì, 4C ni dókítà wa fi sí lórí òṣùwọ̀n BI-RADS tí àwọn dókítà àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà là sílẹ̀ tí ayé sì ń lò. 1 ni pé kò sí nǹkan, 2 ni ohun tí kò léwu, 3 ni ohun tó jọ pé kò léwu, tí ṣíṣeéṣe pé jẹjẹrẹ ni kò ju 2 nínú 100 lọ. 4C ni láti 50 dé 95 nínú 100. Mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì nǹkan náà kíkún: ọyàn òsì, aago méjì, sẹ̀ǹtímítà 5 sí orí ọmú, bó ṣe jìn sí awọ, bó ṣe tóbi sí ọ̀nà méjì. Ẹni tó bá gbé orí ẹ̀rọ ní ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ lé ìwé yìí débẹ̀ láì bi mí.

Ìlọrin

Àbúrò Tíṣà ọkùnrin ń gbé Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gba ti Lọ́kọ́jà. Owó ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Wọ́n yá díẹ̀ nínú kọpurétíìfù àwọn olùkọ́, wọ́n fi èyí tó kù lára owó kaṣú kún un. Ẹ̀rù ọ̀nà náà wà. Láti Kàbà gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí Ọ̀mù-Àrán, kò sí ẹni tí kò mọ ìròyìn àwọn ajínigbé. Ìdajì oṣù kẹfà kí wọ́n tó débẹ̀.

Ní Ìlọrin, wọ́n tún mámógíráàmù yà, wọ́n sì tẹ ojú ibẹ̀ nìkan. Àfi ìgbà tí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa wò kí wọ́n tó rí i pé iṣan ibẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀. Skáànì tiwọn rí i kíá. Wọ́n fi oògùn pa ibẹ̀ kú, dókítà gbé orí skáànì sí ọwọ́ kan, abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ kejì, ó ń wo abẹ́rẹ́ lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń wọ inú rẹ̀, ó sì mú ẹran tín-ín-rín bíi mélòó kan. Èsì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje: jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà omi ọyàn, ìpele kejì nínú mẹ́ta ní ti bó ṣe ń yára, tó ń jẹ omi ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen. Kò ní HER2, èròjà kan tó máa ń mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ètò kan lélẹ̀ ní 2021 tó sọ pé láti ìgbà tí obìnrin bá ti kó ara rẹ̀ wá, kò yẹ kó ju 60 ọjọ́ lọ kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí Tíṣà yà skáànì àkọ́kọ́ dé ọjọ́ tí èsì jáde, ó lé ní 75. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé Kàbà, kò tó 60. Oṣù kan gbáko ni orí oyún jẹ lórí rẹ̀.

Dókítà abẹ fún un láǹfààní láti gé kókó náà nìkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé kókó nìkan, ó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú onítànṣán lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò nílé láti gbà á. Tíṣà àti ọkọ rẹ̀ rò ó, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọyàn náà. Ó dùn mí pé ibi tí ènìyàn ń gbé ló ń ṣe ìpinnu báyìí fún un, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìpinnu wọn. Nígbà tí wọ́n gé e, mìlímítà 13 ni. Kò sí nǹkan kan nínú àwọn kókó abíyá. Ní ti ibi tó tàn dé, ìpele kìíní ni. Tamoxifen, oògùn tó ń dí estrogen lọ́wọ́, ni wọ́n fi í sí, ó ń lò ó lójoojúmọ́. Ó ti padà sí kíláàsì rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà ńkọ́?

Ìbéèrè tí ọkọ Tíṣà bi mí nìyí, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Albert Salomon, dókítà abẹ kan ní Berlin, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀ksíréè wo ọyàn tí wọ́n ti gé ní 1913. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń gbìyànjú láti jẹ́ kí àwòrán ọyàn ríran sí i. Mo gbìyànjú láti fi ọyàn Tíṣà dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mámógíráàmù 3D, tí FDA fọwọ́ sí ní 2011, ń ya àwòrán púpọ̀ bó ṣe ń yí ní ìdagẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá tò ó ní ìpele ìpele. Ó ń yọ ohun tó sá sábẹ́ òmíràn. Nínú ọyàn ìpele D, àǹfààní rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò lè búra pé ì bá rí i.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ya inú ara, ì bá rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà. Ní Netherlands, wọ́n fi obìnrin 40,373 tí ọyàn wọn ki gan-an, tí mámógíráàmù sì ti ní kò sí nǹkan, ṣe ìwádìí. Lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi MRI kún un, jẹjẹrẹ tó yọjú kí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ tó dé jẹ́ 2.5 nínú 1,000. Lára àwọn tí wọn kò fún ní MRI, ó jẹ́ 5. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí MRI kan ń gbà àti iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ẹnu fẹ́rẹ́ sọ fún ènìyàn Ìjùmú.

Kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán, AI, ń ṣe gudugudu méje ní Sweden. Nínú ìwádìí MASAI, tí obìnrin tó lé ní 80,000 kópa nínú rẹ̀, ó dín iṣẹ́ kíkà kù ní nǹkan bí 44 nínú 100, iye jẹjẹrẹ tí wọ́n rí kò sì dín. Mo ń retí rẹ̀ níbí, níbi tí dókítà àwòrán kò ti tó nǹkan. Àmọ́ inú àwòrán ni AI ti ń kọ́ṣẹ́, púpọ̀ nínú àwòrán tó kọ́ náà sì wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kí ó tó wo àwọn obìnrin wa, ó yẹ kó ti rí ọyàn àwọn obìnrin wa. Ohun tí kò sí nínú mámógíráàmù oṣù kẹwàá, AI náà kò lè kà á jáde.

Ìwádìí tó jọ ọ̀ràn Tíṣà jù lọ ni ti Japan, tí wọ́n ń pè ní J-START. Láàárín 2007 sí 2011, wọ́n kó obìnrin 72,998 jọ, ẹni ogójì ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́ta, irú ọjọ́ orí Tíṣà. Wọ́n ya mámógíráàmù fún apá kan, wọ́n fi skáànì kún un fún apá kejì. Nínú 100 jẹjẹrẹ, mámógíráàmù nìkan mú 77, àwọn méjèèjì pa pọ̀ mú 91. Ó ní iye tó ná wọn: àwọn tí ara wọn le tí wọ́n tún pè padà pọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ wa, pípe obìnrin lọ sí Ìlọrin lásán lè gba owó oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wò ó. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, èyí ni ọwọ́ wa lè tó. Skáànì ti wà nílẹ̀. Orí gbọọrọ kan, ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ọyàn, àti bátìrì tó máa gbé e nígbà tí iná bá lọ. Àwọn orí ẹ̀rọ tó ń so mọ́ fóònù náà ti wà lọ́jà.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni náwó lé lórí ni kámẹ́rà tó ń wo gbígbóná ara, tí wọ́n ń gbé kiri láti ìjọ dé ìjọ pé ó ń rí jẹjẹrẹ láì tẹ ọyàn. FDA ti kìlọ̀ ní 2019 pé kò lè rọ́pò mámógíráàmù.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Lọ́dọ̀ wa, fọ́ọ̀mù skáànì ọyàn ti yí padà. A ń kọ orí ẹ̀rọ tí a lò síbẹ̀. A ń béèrè ìwé mámógíráàmù àtijọ́, a ń wá lẹ́tà A dé D nínú rẹ̀, a sì ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà lédè wa kó tó dìde. Ẹni tó bá ní C tàbí D tí kò tíì yà skáànì rí, a ń yà á lọ́jọ́ náà.

Ìdílé Tíṣà ló kù. Obìnrin méjì ọmọ ìyá kan, méjèèjì kí wọ́n tó pé àádọ́ta ọdún: kò yẹ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn wo ẹ̀jẹ̀ obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Nínú èsì wọn tó jáde ní 2018, nǹkan bí 7 nínú 100 ló jogún ìpalára nínú BRCA1, 4 nínú BRCA2, àwọn jíìnì méjì tí ìpalára wọn ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ọyàn ga. Dókítà Ìlọrin ti kọ àyẹ̀wò yẹn fún Tíṣà, wọ́n ń wá owó rẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin, ẹni ọdún 38, ti wá sí Kàbà. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹni tó bá wá láti irú ìdílé yìí ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán ọyàn ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí àrùn mú ẹni tó kéré jù, nítorí náà ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ní 34. Àpò omi kékeré kan la bá, 2 lórí BI-RADS ni wọ́n kọ fún un, ó ń padà bọ̀ lọ́dọọdún fún mámógíráàmù àti skáànì. Tíṣà náà ń ya méjèèjì fún ọyàn ọ̀tún, torí D ni òun náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 19. Kò tíì tó àsìkò àwòrán, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní kí n kọ ọdún tó máa pé 34 sínú fáìlì òun. Mo ti kọ ọ́, mo sì fi sí i pé ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí àyẹ̀wò BRCA bá fi nǹkan hàn.